Ẹsẹ̀ Sòbìà, Ẹ̀kọ́ Òòfà

Kpúlú, Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kejì, 1911

Sòbìà ni. Kò sí iyèméjì mọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ti òsì ti ń jó mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá l'Ájàṣẹ́, mo sì ń tan ara mi jẹ pé bàtà ló há. Lónìí ó lé ròrò, ó bẹ́, mo sì rí orí rẹ̀ funfun bí òwú. Omi àbàtà tí mo mu níbí lésìí, nígbà ìsìnkú Bàbá, ló gbé e fún mi.

Àwọn tí wọ́n ru epo lọ sí Ṣakẹ́tẹ́ ló gbé mi bọ̀ lánàá nínú àwọ̀n tí wọ́n so kọ́ igi. Ọ̀gá wa ní ilé-iṣẹ́ wáyà, níbi tí mo ti ń tẹ wáyà ránṣẹ́, fún mi láyè títí di ọjọ́ ìdánwò, ìyẹn ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin. Ó ní, "Oyèlẹ́yẹ, ẹsẹ̀ rẹ ni mo fún láyè o, n kò fún orí rẹ." Àwa mẹ́fà la fẹ́ ṣe é. Mẹ́ta ni wọ́n máa mú sí kíláàsì gíga tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ l'Ájàṣẹ́, níbi tí a ó ti kọ́ nípa òòfà àti iná mànàmáná dé gbòǹgbò. Mẹ́ta tó bá kù ń lọ sí ọ̀nà wáyà Pàràkú, láti máa ru òpó nínú igbó. Nínú gbogbo àwọn tó lọ lésìí, ẹni méjì ni ojú wa tún rí.

Ìyá mi wo ẹsẹ̀ mi, ó wo àpótí ìwé mi, ó ní, "Èwo ló ń dùn ọ́ jù nínú àwọn méjèèjì?"

Ọjọ́rú, 15

Bàbá Àlàgbé wá láti Tatọnnọnkọn. Sòbìà fífà niṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Kò sí agboolé tí kò tíì jókòó ti ẹsẹ̀ ẹnìkan rí níhìn-ín. Ó da omi tútù sí ojú egbò náà, ó ń bá kòkòrò náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń tan ewúrẹ́ jáde lóko olóko: "Máa bọ̀, àlejò, ó tó kí o máa lọ." Nígbà tó yọrí tó, ó we é mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó yí i díẹ̀, ó fi ewé àti epo pupa dì í.

"Ṣé ó tán, Bàbá?"

"Ó tán fún òní. Díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́ ni. Bí o bá sáré fà á, á já sínú. Bó bá sì já, ìwọ àti òun lẹ ó jọ jìyà ẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa jáde tán?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ni mo wọ̀n ọ́n kó tó wọlé ni?"

Àbámẹ́ta, 18

Ọyẹ́ kò tíì lọ. Ètè mi là. Mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, mo gbé ẹsẹ̀ lé odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo sì ń kàwé láti òwúrọ̀.

Apá kìíní ìwé náà yé mi. Bí iná mànàmáná bá ń sáré nínú wáyà, abẹ́rẹ́ busọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ tí ń tọ́ka àríwá nígbà gbogbo, á yà kúrò níbẹ̀ bó bá wà nítòsí. Bí a bá ká wáyà náà mọ́ irin, irin á di òòfà. Bí a bá gé iná, irin á padà di irin lásán. Ohun tó ń mú ẹ̀rọ wa lu tá-tá-tá ní ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Mo ti tú u, mo ti tún un tò, débi pé ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.

Apá kejì ni kò yé mi. Ìwé ní òòfà náà lè bí iná nínú wáyà, láìsí pílì tí ń fún wáyà ní iná. Ọjọ́ tí ọ̀gá fi í han àwọn yòókù, èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ. Fábọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi ará Ìfàngín tí àwa méjèèjì jọ ń lépa ìdánwò yìí, rí i lójú ara rẹ̀. Òun ló yá mi ní irin òòfà, wáyà tí wọ́n fi òwú wé, àti busọ́ọ̀lù. Ó ní, "Má kọ́ ọ sórí. Ṣe é. Ẹni tó bá kọ́ ọ sórí, ojú rẹ̀ máa sọ fún ọ̀gá."

Ìṣẹ́gun, 21

Mo ká wáyà yípo oparun oníhò kan títí ó fi nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi. Mo fa orí wáyà méjèèjì gba inú yàrá lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo ká a mọ́ busọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ó ní láti jìnnà. Bí busọ́ọ̀lù bá sún mọ́ irin òòfà, irin náà fúnra rẹ̀ ni yóò fa abẹ́rẹ́, a kò sì ní mọ ohun tó ṣe é.

Mo ti òòfà bọ inú oparun. Mo fi ìdí wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ dúró ṣinṣin sí àríwá. Mo wọ́ padà, mo yọ òòfà, mo tún wọ́ lọ. Ó dúró. Mo yí orí òòfà padà. Ó dúró.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Ó ń wò mí bí mo ti ń wọ́ lọ, tí mo ń wọ́ bọ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ọmọ tí mo ti kọ́ ní ìrìn, ó tún padà sí rírá."

Àìkú, 26

Adùnọlá ti ọjà Ṣakẹ́tẹ́ dé. Epo já wálẹ̀, iyọ̀ gbówó lórí. Gbogbo epo tí ìyàwó mi rù lọ, iyọ̀ díẹ̀, epo òyìnbó ìgò kan àti ẹja gbígbẹ ló mú bọ̀. Ó kí mi kú ìrora, ó jókòó tì mí, ó wo oparun náà.

"Ṣé ó ti bí iná tí o sọ?"

"Kò bí nǹkan kan."

"Ṣé wáyà ni kò dára ni?"

"Mo ti fi pílì yẹ̀ ẹ́ wò, wáyà dára. Èmi ni kò yé."

Ó ń bọ́ ẹja. Láìgbójú sókè ó ní, "Wọ́n tún ń kó èèyàn lọ sí Pàràkú. Mo rí wọn níbùdókọ̀ ojú irin. Ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín ṣáá, ó dà bíi pé kò mọ ibi tó ń lọ."

Ọjọ́rú, 1 oṣù kẹta

Sòbìà yìí ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Àwọn ọjọ́ mìíràn kì í tilẹ̀ sún rárá. Bó bá ń bá a lọ báyìí, èmi àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ mi la ó jọ wọ yàrá ìdánwò. Bàbá Àlàgbé kò wá. Wọ́n ń ṣòkú ní Tatọnnọnkọn.

Ọjọ́bọ̀, 2

Mo fà á. Ó já.

Ọjọ́rú, 8

Òní ni mo tó lè mú gègé. Ibà gbé mi láti alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ ọ̀rọ̀ òkè yẹn. Ẹsẹ̀ mi wú bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó le, ó ń dán. Mo gbọ́ pé mo ń sọ Faransé nínú ibà, mo sì ń bẹ ẹnìkan pé kó má kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn tó ń lọ sí Pàràkú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Àlàgbé. Ó tú ewé, ó wo igi tó ṣófo, kò ṣe àwàdà kankan.

"Ta ló fà á?"

Ìyá mi dáhùn kí n tó la ẹnu. "Èmi ni. Mo fẹ́ pààrọ̀ ewé, ọwọ́ mi yọ̀."

Àlàgbé wò ó. "Ẹfúnwùmí, a ti jọ wà nílé ayé yìí pẹ́. Ọwọ́ rẹ kì í yọ̀."

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú. Ọjọ́ ìdánwò ló ń lé mi."

Ó wá ní, "Ọjọ́ kì í lé èèyàn. Ibi tó wà ló wà. Àwa là ń lọ bá a." Ó ní kí Adùnọlá máa gbé ewé gbígbóná lé e láàárọ̀ lálẹ́, kí ẹsẹ̀ náà má sì kan ilẹ̀. Bó bá pọ́n tó bẹ́, a ti là. Bí pípọ́n náà bá ń gòkè lọ sí orúnkún, kí wọ́n wá pe òun, ìgbàkigbà tó wù kó jẹ́. Ó sọ èyí fún wọn lójúde, ó rò pé n kò gbọ́.

Mo ń wo orúnkún mi láti ìgbà náà.

Àbámẹ́ta, 11

Ó bẹ́! Ní kùtù ọ̀yẹ̀ yìí, bí Adùnọlá ti gbé ewé lé e. Ó rùn, mo kígbe, àwọn adìẹ sá. Ọyún jáde tó ìkòkò kékeré, nínú rẹ̀ ni gbogbo ara sòbìà tó kù wà, ó ti kú, ó ká jọ bí òwú tó ta kókó. Àlàgbé fi igi rú u wò, ó yẹ ojú egbò wò títí, ó ní, "Ó pé. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Orí rẹ gbè ọ́, ọ̀mọ̀wé."

Ìyá mi wọ yàrá rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń bá gbogbo ará ilé jà pé ta ló jẹ́ kí ògì dànù.

Mo jẹun. Mo sùn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò lá àlá kankan.

Ìṣẹ́gun, 14

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àlàgbé kò tíì gbà kí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Mo bẹ ìyá mi pé kó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kó máa bá mi wo abẹ́rẹ́. Ó kọ̀. Ó ní ohun tí kò ní ẹ̀mí tó sì mọ ọ̀nà, òun kò lè bá a wojú. Mo ní kò burú, màá wọ́ lọ fúnra mi. Ó pòṣé, ó fa àpótí, ó jókòó.

"Kí ni kí n máa wò?"

"Bí kò bá mì, kí ẹ sọ fún mi pé kò mì."

"Kò mì."

"N kò tíì ṣe nǹkan kan, Ìyá mi."

"Mo ṣáà ń sọ fún ọ."

Mo ti òòfà wọlé.

"Ó mì!"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. "Ó mì báwo?"

"Ó ta sí apá ibi ìdáná, ó sì ti padà. Kí ló dé tí o fi dá a dúró?"

N kò dá nǹkan kan dúró. Ọwọ́ mi ṣì wà lára òòfà, òòfà sì wà nínú oparun. Mo fà á yọ.

"Ó tún mì! Apá abà àgbàdo ló ta sí ní tèyí."

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ni abẹ́rẹ́ náà ti ń mì! Ó ń mì nígbà tí ọwọ́ mi ń lọ, ó sì ti ń dákẹ́ kí n tó wọ́ ìdí dé ẹnu ọ̀nà. Òòfà tó dúró jẹ́ẹ́ kì í bí nǹkan kan. Ìgbà tó bá ń wọlé, tàbí tó bá ń jáde, ìgbà náà nìkan ni iná ń sáré nínú wáyà. Bí mo bá yára tì í, abẹ́rẹ́ a ta jìnnà, bí mo bá rọra, ìyá mi á ní, "Ó fẹ́ mì, ó tún rò ó." Ìwé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo ti ka gbólóhùn náà lákàtúnkà, mo ń fò ó bí ẹni ń fo ẹ̀gún.

Ìyá mi ní ó tó àkókò kí òun náà tì í. Adùnọlá ti ibi epo fífọ̀ wá, ó gbọ́ ariwo, ó rò pé ẹsẹ̀ mi ló tún dé. A fi òun sídìí abẹ́rẹ́, ìyá mi jókòó tì mí nínú yàrá, ó ń ti òòfà, ó ń fà á, bí ẹni ń gúnyán. "Ó ń mì? Adùnọlá, ṣé ó ń mì?" "Ó ń mì, Ìyá, ẹ rọra, ó fẹ́ yí po!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Epo tó wà lórí iná hó dànù, kò sẹ́ni tó dá sí i.

Ọjọ́bọ̀, 23

Fábọ̀dé dé láìròtẹ́lẹ̀, ó ti rìn láti Ṣakẹ́tẹ́, eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú. Mo bi í pé ṣé kò mọ̀ pé bí mo bá ṣe dáadáa, ó lè jẹ́ pé àyè tirẹ̀ ni mo gbà. Ó ní, "Mo mọ̀. Àmọ́ tí èmi nìkan bá wọ kíláàsì yẹn, ta ni màá máa bá jiyàn?"

A jiyàn láti òwúrọ̀. Òun ló ṣàlàyé ohun tó kàn fún mi: iná tí òòfà bá bí nínú wáyà máa ń tako ohun tó bí i. Bí òòfà bá ń wọlé, iná náà á sọ wáyà di òòfà tó ń tì í padà; bó bá ń jáde, á máa fà á pé kó má lọ. Ìyá mi ń gbé oúnjẹ kọjá, ó dúró.

"Ẹ ní ó ń tako ẹni tó bí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," ni Fábọ̀dé wí.

"Mo mọ irú rẹ̀," ni ìyá mi wí, ó sì gbé àwo ka iwájú mi.

Nígbà tí a jẹun tán, Fábọ̀dé wá sọ ohun tó gbé e rin gbogbo ọ̀nà yẹn. Òyìnbó kan láti Kútọ̀nù ló ń bọ̀ wá ṣe ìdánwò náà, kì í ṣe ọ̀gá wa. Wọ́n ní ó le. Ẹni tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ dọ̀sán, wọ́n ní kò ní jẹ́ kó wọlé.

Mo gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo dìde. Ìrora náà gòkè dé eyín mi. Mo tún jókòó.

Ìṣẹ́gun, 28

Òjò àkọ́rọ̀. Ilẹ̀ dúdú tó ti là yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ mu ún, ó tún ń béèrè. Mo dúró lẹ́bàá ògiri títí Adùnọlá fi fọ epo ìkòkò kan tán. Lánàá, n kò dúró tó ìdajì ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹrin. Ṣakẹ́tẹ́

Àwọn elépo tún gbé mi. Bí a ti ń la Àjà-Wẹ̀rẹ̀ kọjá, àwọn obìnrin ọjà ń pariwo, "Ẹ wo òyìnbó dúdú nínú àwọ̀n!" Ojú tì mí, mo fi ìwé bojú. Kí a tó kúrò ní Kpúlú, ìyá mi sìn wá dé ẹ̀yìn ìlú. Kò gbàdúrà gígùn. Ó fọwọ́ kan orí mi, ó fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó yí padà. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ọ̀nà fi yà. Ọkọ̀ ojú irin di ọ̀la.

Ọjọ́ Ajé, 10. Àjàṣẹ́

Ó tán. Ohunkóhun tí ì báà dé, ó ti tán.

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Mo rọra rìn, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí wọ́n má bàa wo ẹsẹ̀. Ìwé kíkọ ló kọ́kọ́ wáyé. Ìbéèrè kejì ni òòfà àti wáyà. Mo kọ ọ́ kún ojú ìwé, mo ya oparun, mo ya abẹ́rẹ́. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé ẹni tó ń dán mi wò.

Lẹ́yìn náà la bọ́ sídìí ẹ̀rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìdúró. Òyìnbó Kútọ̀nù náà ga, irun ètè rẹ̀ funfun. Ó bi mí bí a ṣe ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ àrá. Mo sọ nípa wáyà tó ń wọ ilẹ̀ lọ, ó ní kí ló dé tí àrá á fi yan ilẹ̀ dípò ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo ti há. Mo sọ díẹ̀ tó tọ̀nà, mo sọ púpọ̀ tí n kò mọ̀. Òógùn bò mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde sínú bàtà mi. Òyìnbó náà wolẹ̀, ó rí i.

Ó ní, "Jókòó."

Mo rò pé ìdẹkùn ni. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Mo ní kí o jókòó. Ìdánwò iná mànàmáná la wá ṣe níhìn-ín, kì í ṣe ti sójà." Òun fúnra rẹ̀ ló ti àga sún mọ́ mi. Ó wá bi mí ní ìbéèrè náà lọ́nà mìíràn, díẹ̀díẹ̀, títí mo fi rí ìdáhùn rẹ̀. Ta ló sọ pé ọkùnrin yìí ò jẹ́ kéèyàn jókòó? Fábọ̀dé ní òun náà kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 18

Ọ̀gá pè wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Fábọ̀dé ló ṣe ìkejì. Èmi ni ìkẹta.

Fábọ̀dé gbá mi mọ́ra, a fẹ́ ṣubú. Ìgbà tí a yíjú la rí ẹni tó ṣe ìkẹrin, ó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń di ìwé rẹ̀ pọ̀. Ìdùnnú wa rọlẹ̀. A bá a rìn délé rẹ̀, a jókòó tì í.

Kíláàsì gíga máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. L'Ájàṣẹ́ níhìn-ín. N kò lọ sí Pàràkú.

Kpúlú, Ẹtì, 21

Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn láti Àjà-Wẹ̀rẹ̀, mo ń sinmi lójú ọ̀nà. Òjò ti rọ̀ lówùúrọ̀. Kò sẹ́nìkan nílé. Adùnọlá lọ sódò, wọ́n ní ìyá mi wà lóko.

Mo bá a tó ń gbin àgbàdo, ó tẹ̀ríba, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. N kò pè é. Mo bọ́ bàtà, mo bu irúgbìn nínú igbá rẹ̀, mo bọ́ sí poro tó tẹ̀lé tirẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ mi lórí ilẹ̀ tútù kó tó rí ojú mi.

"Ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí, Ìyá mi. Àjàṣẹ́ ni màá wà."

"Ó dára. Má gbìn wọ́n jinlẹ̀ jù, òjò ṣì pọ̀ lókè."

Ó tẹ̀ríba, ó gbin ihò kan, ó gbin èkejì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ nínú poro náà pẹ̀lú ìró tó dára tó ró, ó kó ọwọ́ alámọ̀ lé ojú, ó sì sunkún bí ọmọdé. Mo jókòó tì í. Òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. A kò dìde.